Àmánà Ni Èémí: Ọ̀rọ̀ Lórí Ásímà, Ààwẹ̀ Àti Oògùn Tí Ó Yẹ Kí Á Máa Ka Iye Rẹ̀

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ Ayé, Ọba Àṣàkẹ́ Ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí Ó dá ènìyàn, tí Ó sì fún un ní èémí láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammadu, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó ń tẹ̀lé wọn ní ọ̀nà rere títí di ọjọ́ Àlùkìyáámà.

   

Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ wáàsí ọdún yìí, a ti sọ̀rọ̀ nípa ààwẹ̀ ahọ́n, ti ojú àti ti etí. Lónìí, àyà tí a fi ń mí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. A fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa àìsàn tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ásímà, pàápàá èyí tí ó bá le, àti nípa oògùn kan tí ó ń gba ẹ̀mí là ní òru, ṣùgbọ́n tí ó ń jẹ ara díẹ̀díẹ̀ bí a bá ń gbé e mì ní gbogbo ìgbà láìka iye rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wà nítòsí yín tí àyà rẹ̀ máa ń súfèé bí ó bá ń mí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè é kó wá gbọ́.

ẸJỌ́ ARA WA

Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àwa tí a ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ni a jìn sí kòtò, nítorí náà ẹjọ́ ara wa ni a ó kọ́kọ́ rò.

Ní bí ọdún méjìlá sẹ́yìn, ìyá kan tí ó máa ń bá wa ṣe àsáláátù ní ọjọ́ Àìkú wá bá wa lẹ́yìn ìrun Àsárì, nínú oṣù ààwẹ̀. Ẹ̀lùbọ́ ni ìyá náà ń tà. Ó ní, "Àáfà, ẹ jọ̀wọ́, ínhélà tí mo ń fà sí ọ̀fun yìí, ṣé ó ń ba ààwẹ̀ jẹ́?" A ń kánjú lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan. Ohun tí a kà nínú tírà ni pé ohun tí ó bá ti dé ọ̀fun, ó ti ba ààwẹ̀ jẹ́. Lórí ìdúró ni a ti dá a lóhùn pé, "Ìyá wa, ó ń bà á jẹ́ o. Ẹ ṣe sùúrù títí di ìṣínu."

A ò bi í pé báwo ni àìsàn náà ṣe le tó. A ò rán an létí pé Ọlọ́hun ti yọ̀ǹda fún aláìsàn. Ìdajì èsì ni a fún un, ìdajì èsì sì lè pa ènìyàn.

Ìyá ṣe sùúrù lóòótọ́. Ó kó ínhélà rẹ̀ méjèèjì, èyí tí ó jẹ́ búlúù àti èyí tí ó jẹ́ búráùn, ó tì wọ́n mọ́nú àpótí. Ní òru ọjọ́ kẹsàn-án, wọ́n gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ilé-ìwòsàn. Kò lè sọ gbólóhùn kan parí kó tó tún máa wá èémí mìíràn. Ọlọ́hun yọ ọ́. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n sì fún un ní àwọn hóró oògùn funfun kéékèèké tí yóò lò fún ọjọ́ márùn-ún. Ó lò wọ́n, àyà rẹ̀ sì là bí ìgbà tí èèyàn ṣí fèrèsé.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kejì ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá fẹ́ràn hóró funfun náà. Kò wọ́n, ó sì yá. Nígbàkígbà tí àyà rẹ̀ bá ti ń súfèé, yóò rán ọmọ lọ sí kẹ́míìsì, ọmọ yóò ra díẹ̀ bọ̀ nínú bébà. Kò sí dókítà tó kọ ọ́, kò sì sí ẹni tó ń kà á. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú rọ̀bọ̀tọ̀, ikùn rẹ̀ yọ. Àwa gan-an la kí i lọ́jọ́ kan pé, "Ìyá wa, ara ń gbádùn o, ọjà ń tà!" A ò mọ̀ pé oògùn ni a ń kí.

Nígbà tó yá, wọ́n rí àtọ̀gbẹ lára rẹ̀. Ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Lọ́jọ́ kan tó ń ṣe àlùwàlá, ó yọ̀, ó fìdí jókòó lásán, egungun ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́. Ẹnì kan wá sọ fún un pé hóró funfun yẹn ló fa gbogbo rẹ̀. Ìbínú mú un, ó da gbogbo èyí tó kù nù lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kò pé ọjọ́ mélòó kan tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tí òòyì kọ́ ọ, tó ṣubú lulẹ̀. Wọ́n tún gbé e padà sí ilé-ìwòsàn. Ọjọ́ yẹn ni dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ pe àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwa náà jókòó, tí ó là wá lóye. Ohun tí a gbọ́ lọ́jọ́ náà, àti èyí tí a ti béèrè kiri láti ìgbà náà wá, ni a fẹ́ sọ fún yín.

Ìyá náà ń bẹ láàyè lónìí, ọ̀pá ló fi ń rìn. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a sọ ọ́ lórí rédíò, kí a má ṣáà dárúkọ òun.

KÍ NI ÁSÍMÀ?

Inú ẹ̀dọ̀fóró wa, àwọn ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ wà tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Lára alásímà, ògiri àwọn ọ̀nà yìí máa ń wú, ó máa ń pọ́n bí ojú egbò, bí ènìyàn ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Bí eruku, èéfín, òtútù ọyẹ́, ọ̀fìnkìn tàbí òórùn líle bá wá kàn án, iṣan tó yí ọ̀nà náà ká yóò fún un, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ yóò dí i. Ìdí nìyí tí àyà fi ń súfèé. Kì í ṣe ikọ́ ife, kì í ràn, kì í sì í ṣe àwọn ayé ló ń ṣe é.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2019, àwọn tó ní ásímà káàkiri ayé tó mílíọ̀nù 262, àwọn tó sì bá a lọ lọ́dún náà tó 455,000. Àjọ náà sọ pé orílẹ̀-èdè tí owó kò ti pọ̀ lọ́wọ́ ará ìlú ni ọ̀pọ̀ ikú náà ti ń ṣẹlẹ̀, níbi tí àyẹ̀wò àti oògùn kò ti tó. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ tiwa ni.

Oríṣi ínhélà méjì ló yẹ kí a mọ̀. Búlúù ni èyí tí a ń pè ní salbutamol, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Ventolin. Ó ń tú iṣan tó fún ọ̀nà èémí, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ara yóò rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò wo wíwú tó wà nínú ògiri. Ìkejì ni èyí tí ó ń dènà, tí búráùn sábà máa ń jẹ́ àwọ̀ rẹ̀. Sìtẹ́rọ́ìdì díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, tó ń lọ tààrà sí ẹ̀dọ̀fóró láti mú wíwú náà rọ. Kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń sọ pé kò wúlò, tí wọ́n sì ń pa á tì. Ẹni tó ń lo búlúù nìkan dà bí ẹni tó ń gbọ́n omi kúrò nínú ilé tí kò tún òrùlé rẹ̀ ṣe. Láti ọdún 2019 ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tó ń la ìtọ́jú ásímà sílẹ̀ fún gbogbo ayé, tí wọ́n ń pè ní GINA, ti sọ pé kí wọ́n má fi àgbàlagbà alásímà kankan sórí búlúù nìkan mọ́.

HÓRÓ FUNFUN: OORE RẸ̀ ÀTI ÌKÀ RẸ̀

Ẹ jẹ́ ká ṣe ẹ̀tọ́. Oore Ọlọ́hun ni sìtẹ́rọ́ìdì jẹ́. Ọdún 1948 ni dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Philip Hench, kọ́kọ́ lo irú rẹ̀ kan fún ẹni tí oríkèé-ríkèé ara ń dùn, ẹni tí kò lè rìn sì dìde. Ní ọdún 1950, wọ́n fún òun àti Edward Kendall àti Tadeus Reichstein ní ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ náà. Èyí tí a ń pè ní prednisolone tẹ̀lé e láàárín ọdún díẹ̀. Bí ásímà bá dé gongo, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń fa ènìyàn yọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ wáàsí yìí kó wá kọ̀ ọ́ nígbà tí dókítà bá fún un lọ́jọ́ tí ọ̀ràn le. Àrùn là ń wò, a kì í wo ikú.

Ìkà rẹ̀ wà nínú àtúnlò. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Hóró kan sábà máa ń jẹ́ mìlígíráàmù 5. Àgbàlagbà tí dókítà ní kó lo mìlígíráàmù 40 lójúmọ́ yóò gbé hóró 8 mì. Ọjọ́ 5 jẹ́ hóró 40, èyí tí í ṣe mìlígíráàmù 200. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún ní ayé rẹ̀, ó ti pé mìlígíráàmù 1,000, ìyẹn gíráàmù kan. Ní ọdún 2018, àwọn oníwádìí tẹ iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n ṣe lórí àkọsílẹ̀ àwọn alásímà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n rí i pé bí àpapọ̀ èyí tí ènìyàn ti lò bá ti ń tó bíi gíráàmù kan, fún àwọn àìsàn mìíràn kò tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ewu ti ń pọ̀ sí i lára rẹ̀ ju ara ẹni tí kò lò ó lọ. Ohun tí à ń pè ní "díẹ̀ náà ni" lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí lẹ́ẹ̀marùn-ún, kì í ṣe díẹ̀ mọ́. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Kí ni àwọn ewu náà? Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á gòkè, àtọ̀gbẹ á wọlé. Ẹ̀jẹ̀ á máa ru. Egungun á fẹ́lẹ́ bí igi tí ikán ti jẹ inú rẹ̀, èyí tó wà ní ìbàdí tilẹ̀ lè kú sára. Ìkùukùu á bo ẹyinjú, tàbí kí agbára inú ojú ga sókè tó fi lè fọ́ ojú. Awọ ara á fẹ́lẹ́, egbò ò ní í tètè jinná. Àìsàn tó ti sùn sára, bí ikọ́ ife, lè jí. Oorun á dá lójú, ọkàn á máa rú. Bí ó bá jẹ́ ọmọdé, kò ní í ga bó ṣe yẹ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rọ̀bọ̀tọ̀ tí a ń kí ní "ara ń gbádùn" yẹn, àpẹẹrẹ ni.

Ẹ tún jẹ́ ká sọ èyí: kì í ṣe alásímà nìkan ló wà nínú ewu yìí. Dexamethasone tí àwọn ọmọbìnrin kan ń gbé mì kí ara wọn lè sanra kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó dé, ẹbí kan náà ni. Ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè sì ni wọ́n ti bá sìtẹ́rọ́ìdì nínú àwọn èròjà tí wọ́n ń tà ní àgbo lásán. Bí ẹ bá ra ẹ̀tù kan tí kò ní àkọlé, tó sì wo àyà yín sàn láàárín wákàtí díẹ̀, ẹ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ MÁ DÉDÉ DÁ A DÚRÓ

Níbi tí ìyá wa ti ṣubú nìyí, nítorí náà ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Ọlọ́hun fi ohun kékeré méjì jókòó sórí kíndìnrín wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ló ń pèsè sìtẹ́rọ́ìdì tí ara ń lò lójoojúmọ́ láti fi dìde, láti fi gbé ẹ̀jẹ̀ dúró, láti fi kojú àìsàn. Bí a bá ń gbé hóró mì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí à ń lò ó lemọ́lemọ́, àwọn méjèèjì á rí i pé ẹnì kan ti ń bá wọn ṣiṣẹ́, wọ́n á sùn lọ. Ọmọ tí a bá ń bá ru ẹrù rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́, ọrùn rẹ̀ kò ní í le. Bí a bá wá dédé gbé ọwọ́ kúrò, ẹrù á wó lu ọmọ. Ara á wà láìní nǹkan kan: èébì, òòyì, àárẹ̀ tó lágbára, ìwọ́lẹ̀ ẹ̀jẹ̀. Ó lè yọrí sí ikú.

Ẹni tó bá ti ń lò ó pẹ́, dókítà ni yóò máa dín in kù fún un díẹ̀díẹ̀. Kí ó má dá a dúró nítorí ààwẹ̀, kí ó má sì dá a dúró nítorí wáàsí tiwa. Bí àìsàn mìíràn bá dé, tàbí tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, kí ó sọ fún oníṣègùn pé òun ti lo hóró yìí rí.

OHUN TÍ YÓÒ JẸ́ KÍ A MÁ NÍLÒ RẸ̀

Nínú Súrà Bákárà, nínú áyà 184 àti 185, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé aláìsàn tí kò gba ààwẹ̀ yóò ka ọjọ́ tí ó jẹ, yóò sì san án ní ìgbà mìíràn. Ọlọ́hun kọ́ wa láti máa ka gbèsè. Ohun tí a ń bẹ̀ yín sí náà nìyẹn: ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ máa kọ ọjọ́ tí ẹ lo hóró tàbí abẹ́rẹ́ sìtẹ́rọ́ìdì sílẹ̀, àti iye rẹ̀. Bí ó bá ti di ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọdún kan, àìsàn yín ò sí lábẹ́ ìkáwọ́ nìyẹn. Ẹ má wá ẹ̀ẹ̀kẹta lọ sí kẹ́míìsì. Ẹ gbé ìwé náà lọ bá dókítà, kí ó wò ó bóyá ẹ nílò ínhélà tó lágbára jù, tàbí bóyá ẹ ò lo èyí tó wà lọ́wọ́ yín bó ti yẹ.

Ẹ wo bí Ọlọ́hun ṣe mú un rọrùn. Oríṣi tó ń dènà, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fà á: òwúrọ̀ àti alẹ́. Ó bá sààrì àti ìṣínu mu wẹ́kú. Kò sídìí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ pa á tì nítorí Rọmọdáànù. Ìwọ̀n rẹ̀ sì kéré: fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, màíkírógíráàmù 200 sí 400 ni ti ọjọ́ kan, mìlígíráàmù kan ṣoṣo sì jẹ́ màíkírógíráàmù 1,000. Ẹ fi wé hóró tí ó jẹ́ mìlígíráàmù 40 lọ́jọ́ kan. Ẹni tó ń sá fún ínhélà pé yóò di bárakú, tó wá ń gbé hóró mì, iná ló ń sá wọ̀ nítorí oòrùn.

Bí a ṣe ń lò ó nìyí. Ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa. Ẹ mí síta. Ẹ fi ètè bo ẹnu rẹ̀ pinpin, ẹ tẹ̀ ẹ́ bí ẹ ti ń fa èémí wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ dá èémí dúró, kí ẹ kà dé ẹẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, ẹ yọ́ ẹnu, kí ẹ tu omi náà nù, kí ẹnu má baà hu funfun. Bí ẹ bá fà á ṣáájú àlùwàlá Àsùbáà àti ṣáájú àlùwàlá Màgàríbà, yíyọ́ ẹnu àlùwàlá ti ṣe iṣẹ́ yẹn.

Bí ó bá jẹ́ ọmọdé tàbí arúgbó tí kò lè tẹ̀ ẹ́ kó sì fà á lẹ́ẹ̀kan náà, ike gbọọrọ kan wà tí a ń fi sáàárín. Bí kò bá sí owó rẹ̀, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1999 láti ilẹ̀ South Africa fi hàn pé ike omi ìdajì lítà tí wọ́n tún ṣe, tí wọ́n lu ihò sí nídìí bí ẹnu ínhélà, ṣe iṣẹ́ fún àwọn ọmọdé bí èyí tí à ń rà.

Lọ́jọ́ tí ó bá dé lójijì, ẹ gbé aláìsàn jókòó, ẹ má dá a dùbúlẹ̀. Ẹ fún un ní búlúù, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, títí dé ẹẹ́wàá. Bí kò bá lè sọ̀rọ̀ parí, bí ètè bá ń ṣú, bí búlúù kò bá ràn án, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni, ilé-ìwòsàn ni. Bí àyà tó ń súfèé bá dédé dákẹ́ tí aláìsàn ò sì lè mí, ẹ má rò pé ó ti sàn. Ọ̀nà ló ti dí pátápátá.

ÀÁFÀ, ṢÉ ÍNHÉLÀ Ń BA ÀÀWẸ̀ JẸ́?

Ìbéèrè ìyá náà nìyí, ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí a ó dáhùn rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ò fẹnu kò. Sheikh Abdul-Aziz ibn Baz, tí ó kú ní 1999, àti Sheikh Muhammad ibn Uthaymin, tí ó kú ní 2001, gbà pé kò ba ààwẹ̀ jẹ́, nítorí kì í ṣe oúnjẹ, kì í sì í ṣe ohun mímu, ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Àwọn mìíràn, tó fi mọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tẹ̀lé ọ̀nà Imam Malik bíi tiwa níhìn-ín, ní ó ń bà á jẹ́ bí ó bá ti gba ọ̀fun kọjá.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tí wọn ò ti jiyàn rárá: ẹni tí èémí rẹ̀ há, kí ó lo oògùn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀ àwọn àkọ́kọ́, ààwẹ̀ rẹ̀ ń bá a lọ. Bí ó bá tẹ̀lé ti àwọn ìkejì, ọjọ́ kan ni yóò san padà, kò sí ẹ̀ṣẹ̀, kò sì sí ìtanràn. Ọjọ́ kan! Ṣé ọjọ́ kan tó ohun tí a ń fi ẹ̀mí dí? Ẹni tí àìsàn rẹ̀ le tí kò sì sí ìrètí pé yóò lè san án, kí ó máa bọ́ tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń lo búlúù lójoojúmọ́, tàbí tí wọ́n dá dúró sí ilé-ìwòsàn láìpẹ́, kí ó rí dókítà kí ó tó gba ààwẹ̀ rárá. Ọlọ́hun tó fún wa ní ààwẹ̀ náà ló fún wa ní ìyọ̀ǹda. Ẹni tó gba ìkínní tó sì kọ ìkejì, kò tíì gba ẹ̀bùn tán.

Ẹ̀yin àáfà ẹgbẹ́ wa, ẹ dákun, bí ẹnikẹ́ni bá bi yín ní irú ìbéèrè yìí, ẹ jókòó kí ẹ tó dáhùn. Ẹ béèrè bí ara rẹ̀ ṣe rí. Ẹ fún un ní odindi èsì.

IṢẸ́ TÓ KAN GBOGBO WA

Ní àwọn ọdún wọ̀nyí, Rọmọdáànù ń bọ́ sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, eruku sì pọ̀. Ẹ jẹ́ ká máa gbọn ẹní àti kápẹ́ẹ̀tì mọ́ṣáláṣí, kí àwọn alásímà má sí nítòsí nígbà tí a bá ń gbọ̀n ọ́n. Tùràrí dára, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan nínú sàfù bá ti ń wúkọ́ nítorí rẹ̀, ẹ pa á. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń dáná ìṣínu, ẹ má gbé ọmọ tí àyà rẹ̀ ń súfèé tì sínú èéfín.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ GlaxoSmithKline, tó ni Ventolin, kéde pé àwọn ń palẹ̀ mọ́ kúrò ní Nàìjíríà. Láti ìgbà náà, owó ínhélà fò sókè. Hóró funfun kò wọ́n bẹ́ẹ̀, òun náà sì ni tálákà ń sá lọ bá. Kì í ṣe àìgbọ́n nìkan ló ń pa wọ́n, àìlówó wà nínú rẹ̀. Àwọn abẹ́rẹ́ tuntun wà fún ásímà tó le gan-an, irú omalizumab tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà láti 2003, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga ju ọwọ́ ọ̀pọ̀ wa lọ. Èyí tó ń dènà ni apá wa lè ká.

Ẹ̀yin tí Ọlọ́hun bùn, à ń pín ìrẹsì, à ń pín ṣúgà, Ọlọ́hun yóò san yín lẹ́san. Nínú sàráà ọdún yìí, àti nínú sàká tí ó tọ́ sí tálákà, ẹ wo ẹni kan ládùúgbò yín tó ní ásímà, kí ẹ béèrè irú ínhélà tí dókítà kọ fún un, kí ẹ rà á fún un. Tí ẹgbẹ́ àsáláátù mẹ́wàá bá gbé ẹnì kọ̀ọ̀kan, ènìyàn mẹ́wàá ni kò ní í lọ sí kẹ́míìsì lóru. Àwa ti bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyá wa yẹn. Gbèsè tí a jẹ ẹ́ ni à ń san, a ò sì tíì san án tán.

Ẹ̀yin ará, kò sí ẹni tó ra èémí tó ń mí. Àmánà ni Ọlọ́hun fi sí wa lọ́wọ́, Yóò sì bi wá bí a ṣe tọ́jú rẹ̀. Ẹ má tì í mọ́nú àpótí.

Ọlọ́hun, wo gbogbo aláìsàn wa sàn. Fi àlàáfíà sí àyà tó há. Dárí jì wá fún ọ̀rọ̀ tí a fi àìmọ̀ sọ. Gba ààwẹ̀ ẹni tó gbà á, kí O sì gba ti ẹni tí àìsàn dá dúró. Àmín, yà Rábì.